Lẹ́ńsì full frame lórí kámẹ́rà crop: ohun tí ojú mi rí kí àwòrán tó mú

Owó tí mo fi ra lẹ́ńsì 24-70mm yìí ju owó kámẹ́rà tí mo fẹ́ fi í sí lọ. (Full frame ni kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ìyẹn awo tó ń gba ìmọ́lẹ̀, tóbi; crop ni èyí tí tirẹ̀ kéré, bíi tèmi.) Tokunbọ̀ ni, èmi náà mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó tà á fún mi ní Èkó fọwọ́ sọ̀yà. Ó ní: "Ọ̀gá mi, lẹ́ńsì full frame ni. Tẹ́ ẹ bá gbé e sórí crop, àárín rẹ̀ nìkan ni kámẹ́rà yín máa lò, àárín ló sì dára jù. Àwòrán yín á mú bí abẹ." Ìgbà tí mo gbé e lọ sí ìgbéyàwó, tí mo délé tí mo ṣí àwòrán sórí kọ̀ǹpútà, ojú ìyàwó ń ṣe bàìbàì. Abẹ̀bẹ̀ tó gbé síwájú àyà ló hàn gaara, débi pé èèyàn lè ka ìyẹ́ ara rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́ńsì 18-55mm tó bá kámẹ́rà mi wá látinú páálí, èyí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa máa ń fojú tín-ín-rín, ti ya ojú tó mú ju ìyẹn lọ fún mi. Inú bí mi gidigidi.

Ohun tó tilẹ̀ ń dunni ni pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn kì í ṣe irọ́. Ó kàn sọ ìdajì ni. Sẹ́ńsọ̀ full frame jẹ́ 36mm sí 24mm. Ti Canon 80D mi jẹ́ nǹkan bí 22.3mm sí 14.9mm. Lóòótọ́, igun àwòrán tó máa ń ṣókùnkùn tí lẹ́ńsì bá wà ní f/2.8, ìyẹn nígbà tí ihò rẹ̀ ṣí gbayawu, máa bọ́ sẹ́yìn, àárín tó dáa ló máa kù. Ìdajì kejì rèé: kí àwòrán inú sẹ́ńsọ̀ kékeré tó lè tóbi tó ti full frame lórí ìwé, ó di dandan kí a fẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po 1.6 sí i. Gbogbo àléébù ni a ó sì jọ fẹ̀ pọ̀: àìmú lẹ́ńsì, ọwọ́ tó gbọ̀n, fókọ́ọ̀sì (ibi tí lẹ́ńsì mú sí) tó ṣìnà. Mílíọ̀nù 24 píksẹ́lì, àwọn àmì wínníwínní tó para pọ̀ di àwòrán, ló há sínú sẹ́ńsọ̀ 80D. Tí a bá fi píksẹ́lì tó kéré bẹ́ẹ̀ kún inú full frame, yóò tó mílíọ̀nù 62. Ọdún 2002 sì ni EF 24-70mm f/2.8L tèmi yìí jáde, lọ́dún kan náà tí Canon D60 jáde pẹ̀lú mílíọ̀nù mẹ́fà, tí 1Ds tó jẹ́ full frame sì ní mílíọ̀nù 11. Nígbà náà, kò sí kámẹ́rà tó ń béèrè lọ́wọ́ lẹ́ńsì yìí ohun tí 80D ń béèrè lónìí.

Mi ò ní fi nínu gíláàsì àti yíyọ fílítà gùn yín lórí, gbogbo wa la mọ ìyẹn. Kò yí nǹkan kan padà. Oníṣẹ́ kan ní gíláàsì inú rẹ̀ ti yẹ̀, ó bu owó gọbọi lé e pé òun máa tú u. Mi ò gbà, inú mi sì ń dùn títí di òní pé mi ò gbà.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo lẹ ojú ìwé ìròyìn mọ́ ògiri, mo ya á ní 70mm, f/2.8. Mo kọ́kọ́ fojú sí ihò kámẹ́rà bí a ṣe máa ń ṣe, lẹ́yìn náà mo lo Live View, ìyẹn wíwo àwòrán lójú gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà. Ti Live View mú! Lẹ́tà wínníwínní ibi ìpolówó ọjà ṣeé kà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ti ojú ihò ṣe bàìbàì. Gíláàsì ò ní àìsàn kankan nìyẹn.

Nínú kámẹ́rà onídígí, tí a bá ń wò láti ojú ihò, sẹ́ńsọ̀ kọ́ ló ń wá fókọ́ọ̀sì. Ẹ̀rọ kékeré kan lábẹ́ dígí ló ń ṣe é. Tí òun àti lẹ́ńsì ò bá fohùn ṣọ̀kan, bó ti wù kó kéré mọ, fókọ́ọ̀sì á bọ́ síwájú tàbí sẹ́yìn ibi tí a fẹ́. Tí Live View bá wà ní títàn, dígí á gbéra, sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ á wò ó. Ìdí tí 18-55mm fi ń bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀ náà nìyí: tí a bá fà á dé 55mm, f/5.6 ló lè ṣí mọ, ibi tó ń hàn gaara níwájú àti lẹ́yìn fókọ́ọ̀sì sì fẹ̀. Ní f/2.8 kò síbi ìsápamọ́sí.

80D ní AF Microadjustment nínú, ibi tí a ti lè tún fókọ́ọ̀sì ṣe díẹ̀díẹ̀ fún lẹ́ńsì kan, láti -20 dé +20. Plus ń ti fókọ́ọ̀sì sẹ́yìn, minus ń fà á wá síwájú. Fún lẹ́ńsì tó ń fà bí eléyìí, ààyè méjì ló wà: W fún 24mm, ibi tó ti ń gba ilẹ̀ fífẹ̀ jù, T fún 70mm, ibi tó ti ń fa nǹkan sún mọ́ jù. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe wí i, bí ẹni pé kò le. Ibí yìí gan-an ló fẹ́ sọ mí di wèrè.

Alẹ́ ni mo kọ́kọ́ ṣe é, lábẹ́ gílóòbù. Mo rí nọ́ńbà kan, àwòrán mú, mo sùn pẹ̀lú ìdùnnú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ya àbúrò mi níwájú ilé, fókọ́ọ̀sì ti fo ojú kọjá, ó lọ bà sí etí. Mo padà wọlé, nọ́ńbà tòru ṣì ń bá gílóòbù mu. Mo jáde, kò bá oòrùn mu. Mo yí i, NEPA mú iná lọ. Mo tan jẹnẹrétọ̀, iná ń ṣẹ́jú, gbogbo àwòrán ń sọ ohùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo fẹ́ẹ̀ ju nǹkan náà mọ́ ògiri.

Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló ń dà á láàmú. Ẹ̀rọ fókọ́ọ̀sì yẹn kì í ka ìmọ́lẹ̀ gílóòbù àti ti ọ̀sán bákan náà. Nígbà tó yé mi, mo kó ìwé ìròyìn náà lọ sí fàráńdà, sábẹ́ òjìji, lójú ọjọ́. Mo fi mítà mẹ́ta ààbọ̀ sáàárín, ìyẹn ìlọ́po àádọ́ta 70mm. Kí n tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń yí fókọ́ọ̀sì dànù pátápátá, torí tí ẹ bá fi sílẹ̀ níbi tó wà, kámẹ́rà á sọ pé òun ti débẹ̀, á sì máa parọ́ fún yín. Mi ò gba àwòrán kan ṣoṣo gbọ́. Nọ́ńbà tí àwòrán púpọ̀ jẹ́rìí sí ni mo mú.

Ẹ wá wo àwòrán tí mo ń yà báyìí! Lára sányán bàbá ìyàwó, èèyàn lè tọ òwú kan láti ìdí dé òkè, ní f/4, láti ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Mo fi han àwọn tó ní kí n lọ tà á, wọn ò rí nǹkan kan sọ.

Ká ní mo mọ̀ nígbà yẹn ni, iwájú oníṣòwò ni mi ò bá ti ya ojú ihò àti Live View, kí n tó kówó sílẹ̀. Tí kámẹ́rà yín ò bá ní Microadjustment, ọ̀pọ̀ àwọn tí owó wọn kéré ò ní in, ẹ má fọwọ́ kan irú lẹ́ńsì yìí láìdán an wò. Tí ẹ ò bá sì ní í lọ sí full frame láìpẹ́, EF-S 17-55mm f/2.8 tí wọ́n dìídì ṣe fún crop ni kí ẹ wá. Ó ní ohun tó ń gbá gbígbọ̀n ọwọ́ mú, tèmi ò ní. Gíráàmù 950 ni tèmi, ọrùn mi ló ń gbé e. 24mm rẹ̀ ti di bíi 38mm lórí crop, kò gba mọ̀lẹ́bí tó dúró nínú pálọ̀ kékeré, nítorí náà 18-55mm ò tíì kúrò nínú báàgì mi. Ní 70mm, mi kì í jẹ́ kí shutter, ìyẹn ìyára tí kámẹ́rà fi ń ya àwòrán, lọ sílẹ̀ ju 1/160 ìṣẹ́jú àáyá lọ, torí 70mm yẹn ti di 112mm, gbígbọ̀n ọwọ́ á sì tètè hàn.

Ẹ má sì bi mí ní nọ́ńbà tí mo lò. Lẹ́ńsì tèmi pẹ̀lú 80D tèmi nìkan ló bá mu. Tí mo bá gbé lẹ́ńsì kan náà sórí 80D yín, àtìbẹ̀rẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀.