Páwà sọ́pláì bàjẹ́, háàdì ò ṣiṣẹ́ mọ́: ẹ má tíì sọ pé ó ti kú

Páwà sọ́pláì kọ̀ǹpútà, àpótí tó ń pín iná fún gbogbo ara ẹ̀, bú gbàmù tàbí ó kàn kú jẹ́ẹ́, ẹ ra òmíràn ẹ fi sí i, kọ̀ǹpútà tàn, fáànù ń yí, ẹ rò pé ó ti tán, àfi kí BIOS, ètò tó kọ́kọ́ ń jí kọ̀ǹpútà, má rí háàdì dísìkì rárá, tàbí kí Windows máa bẹ̀rẹ̀ kó máa kú, kó bẹ̀rẹ̀ kó tún kú. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, háàdì ti lọ nìyẹn. Ó lè ti lọ lóòótọ́ o, ṣùgbọ́n iná tó ya wèrè á kọ́kọ́ jó àwọn nǹkan kan lára bọ́ọ̀dù háàdì kó tó ráyè dé ọ̀dọ̀ àwo tí fáìlì yín wà. Torí náà fáìlì ṣì sábà máa ń wà níbẹ̀ kódà tí háàdì ò bá mí mọ́. Ohun táwọn èèyàn ń ṣe lẹ́yìn náà ló máa ń ba tiẹ̀ jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ dáwọ́ dúró ná. Ẹ má máa tàn án kẹ́ ẹ máa pa á bóyá ó máa yí ọkàn padà. Tí páwà àtijọ́ yẹn bá ṣì ń tàn, ẹ má fi háàdì kankan mọ́ ọn mọ́, ì báà jẹ́ fún ìdánwò lásán. Ẹ yọ wáyà méjèèjì lára háàdì, ti iná àti ti dátà, ẹ gbé e sábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ wo ibi tí iná ń gbà wọlé, ẹ sì gbóòórùn ibẹ̀. Tí ẹ bá gbóòórùn jíjó, ẹ má tíì sunkún, ó lè jẹ́ pé bọ́ọ̀dù nìkan ló jó.

Kẹ́ ẹ tó dá háàdì lẹ́bi, ẹ wo wáyà iná tẹ́ ẹ lò. Tí páwà tuntun bá jẹ́ irú èyí tí wáyà ẹ̀ ṣeé yọ lára ẹ̀, àwọn èèyàn máa ń fi wáyà àtijọ́ sílẹ̀ nínú kéèsì kí wọ́n má bàa tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀, wọ́n á kàn ki orí ẹ̀ bọ páwà tuntun torí pé ó wọlé. Ó wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí tó ń lọ sí háàdì nìkan ni gbogbo wọn jọ fẹnu kò lé lórí, orí tó ń lọ sí páwà, bó ṣe wu kálukú kọ́ńpìnnì ló ṣe tò ó, kódà kọ́ńpìnnì kan náà lè to ti mọ́dẹ́ẹ̀lì kan kó yàtọ̀ sí èkejì. 12V lè wá máa jáde níbi tó yẹ kí 5V ti jáde, háàdì á ti gbẹ́mìí mì kẹ́ ẹ tó gbọ́wọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Àwọn háàdì kan wà tí wọ́n ní páwà àtijọ́ ló pa á, wáyà yìí gan-an ló pa á. Wáyà tó bá páwà tuntun wá nínú páálí ni kẹ́ ẹ lò, òun nìkan.

Ó kan mítà tí wọ́n fi ń wọn iná wàyí. Ẹ fi sí DC, ẹ tan kọ̀ǹpútà láì fi háàdì mọ́ ọn, kí mọ́dábọ́ọ̀dù àti fáànù máa lo iná náà lọ́wọ́, torí páwà tí ò rí ẹrù gbé lè purọ́ fún mítà. Kọnẹ́ẹ̀tọ̀ oníhò mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní Molex ló rọrùn jù láti ki ẹnu mítà bọ̀, yẹ́lò wà létí kan, pupa wà létí kejì, dúdú méjì wà láàárín. Yẹ́lò sí dúdú gbọ́dọ̀ wà láàárín 11.4V sí 12.6V, pupa sí dúdú láàárín 4.75V sí 5.25V. Tó bá jẹ́ ti SATA, kọnẹ́ẹ̀tọ̀ pẹlẹbẹ tí háàdì òde òní ń lò, tí wáyà aláwọ̀ ọsàn bá wà lára ẹ̀, 3.3V nìyẹn, 3.14V sí 3.47V ni kó jẹ́. Tí gbogbo wáyà yín bá dúdú, ibi tí kálukú wà lẹ máa fi mọ̀ wọ́n.

Ìdí tí mo fi ń pariwo lórí iná ni pé háàdì ńlá, ti 3.5 inch, 12V ló fi ń yí mọ́tò inú ẹ̀, 5V sì ni bọ́ọ̀dù ẹ̀ ń lò. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yí, ó lè fa tó 2A lórí 12V nìkan. Páwà tó ti rẹ̀ á gbé e dé ìdajì ọ̀nà, á sọ ọ́ sílẹ̀, háàdì á ṣe "kàk", á tún gbìyànjú, á tún ṣe "kàk", ẹni tó bá sì ń gbọ́ ọ á búra pé inú ẹ̀ ti já, bẹ́ẹ̀ háàdì tó lálàáfíà ni, ebi iná ló ń pa á. Ti láptọ́ọ̀pù, 2.5 inch, 5V nìkan ló ń lò, ìyẹn ni ẹ ṣe lè rí i kí 12V ya wèrè, kí háàdì ńlá kú, kí kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ máa ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀.

Torí náà iná tó dájú lẹ máa fi dán an wò. Ádáptọ̀ USB sí SATA tó ní ṣájà tiẹ̀ lọ́tọ̀ ló dáa jù lójú tèmi, torí ẹ lè so háàdì mọ́ ọn láì yọ kọ̀ǹpútà yín lẹ́nu. Ti 3.5 inch gbọ́dọ̀ ní ṣájà 12V o, iná ẹnu USB lásán ò tó o rárá. Ẹ gbé háàdì sórí nǹkan tó tẹ́jú tí kì í ṣe irin, ẹ fi ìka méjì kan ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ tan iná, kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tó máa wí.

Tó bá yí, tí ẹ gbọ́ "wùùù" tó ń ga sókè díẹ̀díẹ̀ tó sì wá dúró síbì kan, kò sí "kàk" kankan, ara bọ́ọ̀dù àti mọ́tò le nìyẹn. Tó bá yí ṣùgbọ́n tó ń lu "kàk, kàk, kàk" lórí iná tó dájú yìí náà, tó wá pa ara ẹ̀, héèdì tó ń ka àwo ló níṣòro, tàbí ṣíìpù kékeré tó wà pẹ̀lú ẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Ẹ pa á kíá. Kò sí sọ́fítíwíà tó máa tún èyí ṣe, gbogbo ìṣẹ́jú tó bá fi ń yí lè máa họ àwo. Tó bá ń sunkún "pín-ín, pín-ín" láì yí, héèdì ti lẹ̀ mọ́ àwo tàbí mọ́tò ti há. Èyí àti ti ìṣáájú, tí fáìlì inú ẹ̀ bá ṣe pàtàkì, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣí háàdì nínú yàrá tí ò ní eruku ló ń lọ. Ẹ má ṣí ìdérí ẹ̀ nílé. Àwọn kan ṣì máa ní kẹ́ ẹ gbé e sínú fírísà, ẹ jọ̀ọ́, omi ló máa ṣẹ́ sórí àwo fún yín.

Tí kò bá mí rárá, tí ìka yín ò gbọ́ nǹkan kan, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yẹ pańpẹ́ kan wò: àwọn háàdì ńlá kan tó jẹ́ tuntun, pàápàá èyí tí wọ́n yọ nínú páálí háàdì alágbèéká, tí páwà bá gbé 3.3V wọ pin kẹta SATA wọn, ṣe ni wọ́n máa ń sùn, àṣẹ "pa ara ẹ" ni iná yẹn jẹ́ sí wọn. Páwà àtijọ́ lè má gbé 3.3V débẹ̀, kí tuntun máa gbé e, ẹ wá rò pé háàdì ti kú. Ẹ fi téèpù tí iná ò lè gbà kọjá bo pin mẹ́ta àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ tún un dán wò.

Tí kì í bá ṣe ìyẹn, ẹ tú bọ́ọ̀dù ẹ̀yìn ẹ̀. Síkúrúù onírawọ̀ ni, T6 sábà máa ń tú u. Ẹ yí bọ́ọ̀dù náà padà, ẹ wá ibi tí pin iná wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ẹ máa rí nǹkan dúdú méjì onígun mẹ́rin tó jọ ara wọn, wọ́n tóbi ju àwọn résísítọ̀ tó yí wọn ká lọ, ìlà sì sábà máa ń wà létí kan lórí wọn. Dáyóòdù TVS nìyẹn, ọ̀kan ń ṣọ́ 5V, ọ̀kan ń ṣọ́ 12V. Wọ́n dà bí ọdẹ tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, tí iná bá ti kọjá ààlà, òun ló máa kú dípò onílé, á ṣọ́ọ̀tì, páwà tó bá sì gbọ́n á pa ara ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà fi lè kọ̀ láti tàn rárá tí háàdì yẹn bá wà lára ẹ̀, tí ẹ bá yọ háàdì, á tàn. Àmì tó dájú jù tí mo mọ̀ nìyẹn.

Ẹ fi mítà sí ohm, ẹ fi ẹnu ẹ̀ méjèèjì kan ẹ̀gbẹ́ méjì dáyóòdù náà nígbà tí háàdì ò sí lórí iná. Tó bá ka 0 tàbí nǹkan tó sún mọ́ ọn gan-an, ó ti ṣọ́ọ̀tì. Tó bá ka ọgọ́rọ̀ọ̀rún ohm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe òun. Èyí tó ti ṣọ́ọ̀tì, ẹ lè fi ayọ́nù yọ ọ́ tàbí kẹ́ ẹ fi púláyà kékeré gé e kúrò pẹ̀lú sùúrù, háàdì lè tún yí láìsí i. Ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀ṣọ́ mọ́ nìyẹn, torí náà orí iná tó dájú nìkan lẹ máa gbé e sí, ẹ kó fáìlì yín kúrò, ẹ má lò ó fún nǹkan míì mọ́. Tí dáyóòdù méjèèjì bá sàn tí háàdì ò sì mí, ṣíìpù tó ń darí mọ́tò lè ti jó. Ẹnì kan á ní kẹ́ ẹ ra irú bọ́ọ̀dù yẹn kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀, kò burú, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ara bọ́ọ̀dù méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu, ọ̀pọ̀ háàdì òde òní sì ní ṣíìpù ROM kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tó gbé ètò háàdì yẹn nìkan dání, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́ láti ara bọ́ọ̀dù àtijọ́ lẹ̀ mọ́ tuntun. Ẹni tí ò bá tíì fi ayọ́nù ṣe irú ẹ̀ rí, kó gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ó ku èyí tó yí dáadáa. Tí kọ̀ǹpútà ò bá rí i, ẹ pààrọ̀ wáyà dátà àti ojú SATA kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkan míì. Tó bá rí i, tí Windows wá ní kẹ́ ẹ fọ́máàtì ẹ̀, ẹ tẹ Cancel, ẹ má sì tíì sáré chkdsk, ètò Windows tó ń yẹ háàdì wò tó sì ń tún un ṣe, torí ó lè kọ nǹkan sórí háàdì tó ń ṣàìsàn. Ẹ ka SMART ẹ̀ ná, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìlera tí háàdì ń kọ nípa ara ẹ̀, ẹ lo CrystalDiskInfo lórí Windows, tàbí lórí Linux (sdb ni orúkọ tí Linux sọ háàdì náà níbí, tiyín lè yàtọ̀):

sudo smartctl -a /dev/sdb

Ẹ má fọkàn tán "PASSED" tó máa kọ sókè. Nọ́ńbà díẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. C7, tí Linux ń pè ní 199, tó bá ń lọ sókè, wáyà dátà ni. C0, ìyẹn 192, ń ka iye ìgbà tí iná já lójijì, tó bá ga rékọjá, páwà yín ti ń ṣe kátikàti tipẹ́ kó tó kú. C5, 197, ni ibi tí kò rí kà, iná tó já nígbà tó ń kọ nǹkan lọ́wọ́ lè fa díẹ̀ tó máa lọ tí wọ́n bá tún kọ nǹkan síbẹ̀, ṣùgbọ́n tí 05, iye ibi tó bàjẹ́ tí háàdì ti fi òmíràn rọ́pò, náà bá jọ ń gòkè pẹ̀lú ẹ̀, ojú àwo ló ti ń bàjẹ́. Ẹ rántí pé CrystalDiskInfo máa ń kọ nọ́ńbà ìparí yẹn ní hex, ìṣirò tí wọ́n fi 16 ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀, tí ẹ ò bá yí i padà, 10 ibẹ̀, 16 ni.

Kí ẹ tó tún nǹkan kan ṣe lórí ẹ̀, ẹ da gbogbo ẹ̀ kọ sórí háàdì míì tó tóbi jù ú lọ. Ẹ fi lsblk mọ èyí tó jẹ́ tiẹ̀ dáadáa, torí tẹ́ ẹ bá ṣì í mú, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn:

sudo ddrescue -d -n /dev/sdb haadi.img haadi.map

Èyí á kó ibi tó rọrùn, á fo ibi tó le. Lẹ́yìn náà ẹ fi -r3 rọ́pò -n kó padà lọ bá àwọn ibi tó fò, fáìlì .map yẹn ló fi máa mọ ibi tó dé. Orí haadi.img ni kẹ́ ẹ ti lo TestDisk láti wá fáìlì yín, ẹ fi háàdì fúnra ẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi.

Tó bá jẹ́ SSD, kò ní yí, kò ní dún, ọwọ́ lẹ máa fi kàn án: tó bá gbóná janjan láàárín ìṣẹ́jú àáyá tí iná dé ara ẹ̀, nǹkan ti ṣọ́ọ̀tì nínú ẹ̀, ẹ yọ ọ́.

Tí ẹ bá ti kó fáìlì tán tí ẹ ṣì fẹ́ mọ̀ bóyá háàdì tó ní ẹ̀ṣọ́ ẹ̀ lára ṣì wúlò, ẹ sọ pé kó fúnra ẹ̀ yẹ ara ẹ̀ wò látòkèdélẹ̀:

sudo smartctl -t long /dev/sdb

Ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí tó bá jẹ́ háàdì ńlá. Tó bá parí láìrí àṣìṣe tí 05 àti C5 ò sì kúrò níbi tí wọ́n wà, ẹ lè máa fi gbé fíìmù àti nǹkan tó bá sọnù tí kò ní dùn yín.