Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Bó Ọ̀dà Àwòṣe Rélùwéè Kí A Tó Tún Un Kùn

Ẹwà àwòṣe ọkọ̀ rélùwéè tó ń lo ooru omi wà lára nǹkan wẹ́wẹ́: orí ríbẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìṣó tí wọ́n fi ń kan irin pọ̀, tó tò lẹ́sẹẹsẹ, páìpù tín-ín-rín tó gba ẹ̀gbẹ́ bọ́ílà, ìyẹn àgbá tí omi ti ń hó, kọjá. Awọ ni ọ̀dà jẹ́ lórí wọn. Ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ awọ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kó má bó ẹran mọ́ ọn.

Àṣìṣe tó burú jù ni kéèyàn da òògùn abọ́dà lé e kó tó mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ike ni ara ọ̀pọ̀ àwòṣe. Acetone, èyí tí wọ́n fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́, àti tínà líle ń yọ́ ike. Ríbẹ́ẹ̀tì á di pẹrẹsẹ lójú ẹ. Idẹ kò bẹ̀rù wọn, àmọ́ gúlúù tó so páìpù mọ́ idẹ lè tú. Sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ náà ń jẹ alumíníọ̀mù, ó sì ń jẹ àdàlù síńkì tí wọ́n fi rọ ọ̀pọ̀ àwòṣe àtijọ́. Isopropyl alcohol, irú ọtí tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn, ni mo fara mọ́ jù fún ike. Síbẹ̀, dán an wò lábẹ́, níbi tójú kò tó, kí o tó ri ìyókù bọ̀ ọ́. Ṣí fèrèsé, wọ ìbọ̀wọ́, má sì jẹ́ kí iná wà nítòsí.

Jọ̀wọ́, má ri ọkọ̀ náà bọ òògùn lódindi. Kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀ yíká, kí o wá tú ara kúrò lórí wíìlì, kí o yọ wáyà àti gíláàsì.

Bí ọ̀dà bá ṣẹ́ kù sí kọ̀rọ̀, má fọwọ́ kan sáńpépà. Kò mọ ìyàtọ̀ ọ̀dà sí ríbẹ́ẹ̀tì. Ọ̀dà àtijọ́ tún lè ní òjé nínú, eruku rẹ̀ kò sì yẹ kó wọ imú ẹnikẹ́ni. Dá a padà sínú òògùn, kí o fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́.

Lẹ́yìn tí o bá ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tó sì gbẹ, má fi ọwọ́ lásán gbé e mọ́: òróró ìka kì í jẹ́ kí ọ̀dà dì mú.

Ìkánjú ló ń mú kí wọ́n fín ọ̀dà nípọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí yóò sì bo gbogbo iṣẹ́ ọnà tó wà níbẹ̀ mọ́lẹ̀. Jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30. Bẹ̀rẹ̀ sí í fín kí ọwọ́ rẹ tó dé ara ọkọ̀, má sì dáwọ́ dúró àfi tí o bá ti kọjá rẹ̀. Ìpele fẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta sàn ju ọ̀kan tó nípọn lọ. Má fín in nígbà tí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, torí ojú ọ̀dà lè ṣú funfun. Má sì fín ọ̀dà tó ní tínà líle lé enamel, ìyẹn ọ̀dà olóròóró, lórí; ó máa ń hunjọ, wàá sì tún bó o látìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan á ní dúdú kirikiri ni ọkọ̀ gidi. Lóòótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n lára nǹkan kékeré, dúdú bẹ́ẹ̀ ń gbé ríbẹ́ẹ̀tì mì. Fi funfun díẹ̀ là á.

Má lẹ nọ́ńbà mọ́ ọ̀dà tí kò dán. Afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ rẹ̀, á máa kọ yànrànyànràn. Fánnìṣì tó ń dán ni kó ṣáájú, kí nọ́ńbà tẹ̀ lé e, kí èyí tí kì í dán kẹ́yìn.

Kí o tó fín ọ̀dà, fi téèpù bo ojú wíìlì tó ń kan irin ojú ọ̀nà àti ibi tí iná mànàmáná ń gbà wọ inú àwòṣe náà. Bí ọ̀dà bá ta sí i, fi owú tó ní tínà díẹ̀ nù ún kó tó gbẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ náà kò ní rìn.