Ìtọ́jú Irun Tó Ń Ṣe Ìgbì, Èyí Tó Ká àti Èyí Tó Lọ́ Pinpin: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Ilé

Ẹni tí irun rẹ̀ ń ká sábà máa ń ní irun òun kì í gùn. Ó ń gùn. Irun orí ń hù ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lóṣù, ti irun tó lọ́ pinpin sì máa ń dín díẹ̀ sí èyí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bó ti ń hù ní ìdí ló ń gbẹ tó sì ń já ní ṣóńṣó. Ó tún ń súnkì: irun tó lọ́ pinpin, tí ẹ bá fà á tó dé èjìká, lè má kọjá etí tí ẹ bá jù ú sílẹ̀. Nítorí náà, nǹkan méjì ni a ó máa lé nínú ìwé yìí: bí omi yóò ṣe pẹ́ lára irun, àti bí a ó ṣe máa fọwọ́ jẹ́jẹ́ mú un.

Èwo ló wà lórí yín?

Nọ́ńbà tí ọ̀pọ̀ onídìrí ń lò wá láti ọwọ́ Andre Walker, onídìrí ará Amẹ́ríkà kan, tó gbé e kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. 1 ni irun tó nà gbọọrọ, 2 ni èyí tó ń ṣe ìgbì, 3 ni èyí tó ká, 4 ni èyí tó lọ́ pinpin. Lẹ́tà A, B àti C tó ń tẹ̀ lé e ń sọ bó ṣe lọ́ tó, àwọn ẹlòmíràn ló sì fi díẹ̀ nínú wọn kún un nígbà tó yá. Nọ́ńbà yìí wúlò, àmọ́ kò tó ohun tí à ń bá ara wa jà sí. Orí kan ṣoṣo lè jẹ́ 3 níwájú kó jẹ́ 4 ní ìpàkọ́.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nọ́ńbà lọ ni bí irun ṣe ń mu omi. Àwọn kan ní kí ẹ ju fọ́nrán irun kan sínú ife omi, kí ẹ wò ó bóyá yóò rì. Ẹ má gbára lé e, torí òróró ara irun nìkan tó láti mú un léfòó. Ẹ wọ́n omi sí irun tó mọ́. Bí omi bá dúró lórí rẹ̀ ní wóróworo, irun yín kì í tètè gba omi; omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ìpara fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló yẹ ẹ́. Bó bá mu ún lójú ẹsẹ̀, tó sì tún gbẹ kíákíá, ó nílò ìpara tó nípọn tí yóò dá omi dúró. Irun tí wọ́n ti pa láró tàbí tó ti rí iná púpọ̀ sábà máa ń rí báyìí.

Fífọ irun

Awọ orí ló ń ṣe òróró tirẹ̀. Lára irun tó ń ṣe ìgbì, òróró yìí ń ṣàn sísàlẹ̀ láìsí wàhálà, nítorí náà irú irun bẹ́ẹ̀ lè fẹ́ fífọ̀ lẹ́ẹ̀méjì lọ́sẹ̀, ìpara tó bá wúwo yóò sì mú un lẹ̀ mọ́ orí. Lára irun tó lọ́ pinpin, òróró náà kì í dé ṣóńṣó. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí lọ́sẹ̀ méjì tó irú èyí. Irun tó ká wà láàárín méjèèjì.

Ẹ má fi ọṣẹ ìfọṣọ tàbí ọṣẹ ìwẹ̀ fọ orí. Agbára ọṣẹ ń ṣí ìpẹ́ tó bo irun lára sílẹ̀, irun á wá le gbàgìdì. Awọ orí ni ṣáńpù wà fún: ẹ fi orí ìka pa á, kì í ṣe èékánná. Gígùn irun ni kọndíṣọ́nà wà fún.

Títú irun

Ibí ni irun púpọ̀ jù lọ ti ń bàjẹ́, àìní sùúrù ló sì sábà máa ń fà á. Ẹ má ṣe ya irun tó ká tàbí tó lọ́ ní gbígbẹ. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́rin tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi omi tẹ́ ẹ, ẹ fi kọndíṣọ́nà kùn ún títí yóò fi máa yọ̀. Irun tútù máa ń fà, ó sì yá láti já, òun ló fà á tí ìpara tó ń yọ̀ náà kò fi ṣeé yọ sílẹ̀. Ìka ọwọ́ ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí òòyà tí eyín rẹ̀ jìnnà síra tó tẹ̀ lé e. Ṣóńṣó ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa gòkè lọ sí ìdí. Ẹni tó bá ń ya á láti ìdí, ńṣe ló ń ti gbogbo kókó jọ sójú kan.

Irun tó bọ́ sọ́wọ́ yín kò gbọ́dọ̀ dẹ́rù bà yín. Fọ́nrán 50 sí 100 ló ń re lórí ènìyàn lójúmọ́, ti ẹni tó di irun fún oṣù kan yóò sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ tó bá tú u. Ẹ wo ìdí rẹ̀: èyí tó re ní kókó funfun kékeré, èyí tó já kò ní. Bó bá jẹ́ pé èyí tó kúrú tí kò ní kókó ló pọ̀, ẹ dẹ ọwọ́.

Ẹni tó ń fi rílásà sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ju ẹnikẹ́ni lọ, torí ojú ibi tí irun tuntun ti pàdé èyí tó nà ni kì í lágbára.

Òróró kì í ṣe omi

Òróró lórí irun gbígbẹ kò tíì sọ ọ́ di tútù. Ó kàn ń dán ni. Nígbà tí irun ṣì ń rin díẹ̀ ni kí ẹ fi pa á, kó lè sé omi mọ́ inú. Àdín àgbọn máa ń wọnú irun, òrí ń dúró sí òde irun. Ẹ fi aṣọ òwú àtijọ́ tó ti rọ̀ fún omi irun, ẹ má fi táwẹ̀ẹ̀lì ha á. Lálẹ́, aṣọ ṣẹ́dà tàbí sátíìnì ni kí ẹ wé, nítorí ìrọ̀rí òwú ń fa omi, ó sì ń ha irun.

Iná ìnarun kò gbọ́dọ̀ kan irun tútù láé. Ìró ṣíṣáá tí ẹ ń gbọ́ yẹn ni omi tó ń hó nínú irun. Irun tí iná bá ti ba kíká rẹ̀ jẹ́ kì í padà. Ẹ ó gé e ni.

Irun dídì

Dídì dára, ó ń dáàbò bo ṣóńṣó irun. Àmọ́ bí ó bá ń dunni, tí orí ń fọ́, tàbí tí irorẹ́ kéékèèké yọ síwájú orí, ó le jù. Ẹ tú u lọ́jọ́ náà. Bí ọmọdé bá sọ pé orí ń dun òun, ẹ gbà á gbọ́, ẹ má sọ pé yóò rọ̀ tó bá dọ̀la. Irun iwájú orí tó re nítorí fífà máa ń padà hù tí a bá tètè dá a dúró. Bó bá pẹ́ jù, ihò irun á di àpá, kò sì sí ìpara tó lè ṣí i. Ẹ má jẹ́ kí dídì kan kọjá ọ̀sẹ̀ 6 sí 8.

Ohun tó yẹ kó gbé yín dé ilé ìwòsàn

Làpálàpá orí ọmọdé, tó ń mú kí irun já lójú kan tí ìpẹ́ sì wà níbẹ̀, kì í gbọ́ ìpara nìkan, torí ìdí irun ló wà. Oògùn mímu ni dókítà máa ń fún un. Títí yóò fi lọ, ẹ ya òòyà àti fìlà ọmọ náà sọ́tọ̀. Bákan náà, bí àtàrí bá ń pá díẹ̀díẹ̀, tó ń dán, tó ń ta tàbí tó ń yún, ẹ má ṣe máa pààrọ̀ òróró kiri. Dókítà awọ ara ni kí ẹ béèrè fún.