Bí ẹ ṣe máa dá iye lé kọ̀ǹpútà láìta ara yín lọ́pọ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà, wọ́n á kàn yọjú sí ṣọ́ọ̀bù ẹnìkejì, wọ́n á wo iye tóyẹn ń pè é, wọ́n á yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Iye tó ń tà á kọ́ lọ̀rọ̀, iye tó ń ná an kó tó tà á ni. Wọ́n ti ja ogun owó nídìí ọjà yìí ní Amẹ́ríkà títí tí àwọn ńlá ńlá fi kógbá sílé, kò sídìí tá a fi máa tún un jà láìwo tiwọn.

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò iye tí ẹ̀rọ kan dé ọwọ́ yín gan-an. Kì í ṣe iye tẹ́ ẹ rà á nìkan o: owó ọkọ̀, owó kọ́sítọ́ọ̀mù, bátìrì tẹ́ ẹ pààrọ̀, àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí wáráńtì máa mú yín ṣe fún oníbàárà lọ́jọ́ iwájú, èyí tó dé tí kò tàn rárá, gbogbo ẹ̀ ló ń wọ ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wádìí iye tó ń ná ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ bá figa gbága. Jack Tramiel tó dá Commodore, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, sílẹ̀ fojú ara ẹ̀ rí èyí. Ẹ̀rọ ìṣirò kékeré ló ń tà nígbà yẹn, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ Texas Instruments (TI) ló sì ti ń ra chip, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ ọpọlọ inú ẹ̀. Ìgbà tó yá, TI náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ ìṣirò tiwọn, wọ́n ń tà á ní iye tí Commodore ò lè tà á láìjẹ gbèsè, torí àwọn ló ni chip. Díẹ̀ ló kù kí ọkùnrin yìí kógbá wọlé. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ní 1976 ó lọ ra MOS Technology, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe chip, ó di ẹni tó ń ṣe tiẹ̀.

Ó wá di 1982, kọ̀ǹpútà ilé tí wọ́n ń pè ní Commodore 64 jáde, 595 dọ́là ni wọ́n pè é, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 135 dọ́là ló ń ná wọn láti ṣe ọ̀kan. Ẹ wo àlàfo yẹn! Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n já a wálẹ̀ sí nǹkan bí 200, wọ́n ṣì ń jèrè. TI náà ní àwọn ò ní gbà, kọ̀ǹpútà ilé tiwọn, TI-99/4A, tí wọ́n ń ta 525 dọ́là ní 1981, wọ́n já a, wọ́n tún já a, títí ó fi di 99. TI náà ń ṣe chip o, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe to ẹ̀rọ tiwọn, nǹkan tó wà nínú ẹ̀ ti pọ̀ jù, kò ṣeé ṣe lówó pọ́ọ́kú. Wọ́n rò pé owó sọ́fítíwià á bá wọn dí i, kò bọ́ sí i rárá. Oṣù kẹwàá 1983 ni wọ́n kéde pé àwọn ti kúrò nídìí kọ̀ǹpútà ilé.

Nínú ogun yẹn kan náà, Commodore ní kí ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà tàbí ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ gbé e wá, àwọn á yọ 100 dọ́là fún un. Ẹ mọ̀ pé ará ọjà ò gọ̀. Owó kọ̀ǹpútà kékeré kan, Timex Sinclair 1000, ti já débi 50 dọ́là nígbà yẹn, làwọn kan bá ń lọ rà á kí wọ́n lè fi gba 100 yẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe ẹ̀dínwó, ẹ kọ́kọ́ jókòó ronú bí ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ kan ṣe máa fi rẹ́ yín jẹ.

Àwọn alágbàtà náà fara gbá a, àwọn tó ti kó ọjà níye àtijọ́, tí owó wá já lórí ẹ̀. Torí náà kẹ́ ẹ tó kó ọjà rẹpẹtẹ, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń kó o fún yín bóyá ó máa dá ìyàtọ̀ padà tí owó bá já, kẹ́ ẹ sì gbà á ní kíkọ sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń to kọ̀ǹpútà, iye tí kọ́sítọ́mà lè san ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wá ṣírò bọ̀ wá sẹ́yìn. Compaq, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Amẹ́ríkà, ò ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọjà wọn dáa ṣùgbọ́n ó wọ́n, àwọn kéékèèké sì ń gba oníbàárà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní 1991 wọ́n rán àwọn kan ní bòńkẹ́lẹ́ lọ síbi ìpàtẹ kọ̀ǹpútà Comdex ní Las Vegas, wọ́n ṣe bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n ń ná owó ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà kiri. Iye tí wọ́n pè fún wọn kéré sí iye tí Compaq fúnra ẹ̀ ń san! Wọ́n yọ ọ̀gá wọn Rod Canion nípò, Eckhard Pfeiffer gbapò, nígbà tó di oṣù kẹfà 1992 wọ́n gbé ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú jáde, ní 1994 àwọn ló ń ta kọ̀ǹpútà jù láyé.

Ọ̀rọ̀ pé kẹ́ ẹ kó ọjà pamọ́ ńkọ́? Níbi tí dọ́là ti jẹ́ owó wọn, kọ̀ǹpútà dà bíi tòmátì, bó bá ṣe ń pẹ́ nílẹ̀ lowó ẹ̀ ń já. Ohun tí ilé iṣẹ́ Dell fi jẹ gàba nígbà yẹn nìyẹn, oníbàárà á kọ́kọ́ sanwó, wọ́n á tó to kọ̀ǹpútà ẹ̀, ọjọ́ mélòó kan péré lọjà ń lò lọ́wọ́ wọn, nígbà tí wọ́n já owó wálẹ̀ ní 2001, wọ́n gba ipò kìíní mọ́ Compaq lọ́wọ́. Nàìjíríà yàtọ̀. Látìgbà tí CBN ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, kí ọjà máa dá iye lé e, ẹni tó ta láàpútọ́ọ̀pù ẹ̀ níye àná lè má rí òmíràn rà lọ́la. Iye tẹ́ ẹ máa fi ra òmíràn dípò ẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé èrè lé, ẹ má wo iye tẹ́ ẹ ra ti ilẹ̀.

Ní ti ìpín yín nínú ọjà, ẹ má jẹ́ kí iye ẹ̀rọ tẹ́ ẹ tà tàn yín. Àwọn kọ̀ǹpútà kékeré olówó pọ́ọ́kú gbé ilé iṣẹ́ Acer fo Dell kọjá ní 2009, iPad ti Apple dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọjà kùtà wá kún ọwọ́ wọn ní Yúróòpù, ọ̀gá wọn kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ ní 2011. Apple tí kò tà tó wọn nígbà yẹn ń kó èrè tiẹ̀ ní jẹ́ẹ́jẹ́. Ní ìparí oṣù, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀: iye ẹ̀rọ tó lọ, owó tó wọlé, èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn gbogbo ìnáwó. Tí àkọ́kọ́ bá ń gòkè tí ìkẹta ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ dá owó jíjá dúró, kẹ́ ẹ máa fi ènì sí i, bíi báàgì àti máùsì. Kò ní ná yín púpọ̀, ẹnìkejì tó bá sì wá yọjú wo iye tẹ́ ẹ ń tà á, kò ní rí nǹkan kan yọ níbẹ̀.