Bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ yà kúrò lójú ọ̀nà

Ẹ̀yin tá a jọ fẹ́ràn fọ́tò yíyà, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnì kan bá béèrè ìdí tí fọ́tò tó yà lálẹ́ fi ń ṣe bàìbàì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá a lóhùn tán. Ìdáhùn náà ò gùn: nínú òkùnkùn, kámẹ́rà máa ń lajú pẹ́ kó lè rí ìmọ́lẹ̀ tó, bí ọwọ́ bá sì gbọ̀n díẹ̀, àwòrán bàjẹ́ nìyẹn. Kó gbé e ka orí ohun ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kó sì jẹ́ kí kámẹ́rà dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 2 kó tó yà á, kí títẹ bọ́tìnì má baà mì ín.

Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹnì kejì á ní kámẹ́rà rẹ̀ ni ò dáa, ẹnì kẹta á gbèjà ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kó tó pẹ́, owó là ń jiyàn lé lórí. Oníbèéèrè á kàn dákẹ́. Ó máa ń dùn mí gan-an, pàápàá tó bá jẹ́ ẹni tuntun.

Ọ̀rọ̀ tó yà ò burú o. A máa ń rí ọgbọ́n kọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí i pé tiyín ti di ọ̀tọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ pe àwọn èèyàn padà, kó má jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Kó kàn bi oníbèéèrè pé: "Ṣé ó ti yanjú?"