Lẹ́tà O kan ṣoṣo: bí mo ṣe gbé ọkọ̀ mi láti Baltimore wá sí Ìjẹ̀bú-Òde

Nígbà tí èmi àti ìyàwó mi pinnu pé a ti tó padà sílé, a ta ọ̀pọ̀ nínú ẹrù wa, a fi ìyókù tọrẹ. Toyota Sienna ọdún 2015 tá à ń lò nìkan ni mi ò lè fi sílẹ̀. Orúnkún màmá mi ò jẹ́ kí wọ́n lè gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn mọ́, ilẹ̀kùn Sienna sì nìyẹn, ó ń yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ò ga. Torí tiwọn ni mo ṣe fara da gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ rí ojúlówó táítù ọkọ̀, ìyẹn ìwé tó ń fi ẹni tó ni ín hàn, ó kéré tán wákàtí 72 kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Bí gbèsè báńkì bá ṣì wà lórí ẹ̀, ẹ san án tán, kí ẹ gba ìwé ìyọ̀nda. RoRo ni mo yàn, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń wa mọ́tò wọnú ẹ̀. Mo kó gbogbo ẹrù inú Sienna kúrò, epo díẹ̀ ni mo sì fi sínú táǹkì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ ṣe bíi tèmi, mo ní kó má dán an wò: ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì tiwọn wà, òfin Nàìjíríà ò sì gbà á wọlé.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà nìyí. Nọ́ńbà ṣaṣí, tí wọ́n ń pè ní VIN, ni orúkọ tí ọkọ̀ ń jẹ́ níbi gbogbo. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Tèmi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5TD. Ìkẹwàá ẹ̀ ni F, tó ń sọ pé ọkọ̀ ọdún 2015 ni. Wọn kì í lo I, O àti Q nínú ẹ̀ rárá, kí wọ́n má bàa jọ 1 àti 0. Àmọ́ ẹni tó tẹ ìwé ẹrù mi, ìwé tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ń fúnni lórí ohun tí wọ́n bá gbé, kọ O síbi tí òdo yẹ kó wà. Mo wo orúkọ mi, mo wo orúkọ èbúté, ó tọ̀nà, mo bá gbà á. Mi ò ka nọ́ńbà yẹn níkọ̀ọ̀kan.

Láti 2022 ni kọ́sítọ́ọ̀mù ti ń fi VIN ṣírò iye tí ọkọ̀ tó. Ní Tin Can, èbúté tí ọkọ̀ mi gúnlẹ̀ sí l'Ékòó, wọ́n tẹ tèmi, kọ̀ǹpútà ò rí ọkọ̀ kankan. Ilé-iṣẹ́ tó fi ọkọ̀ ojú omi gbé e nìkan ló lè tún ìwé náà ṣe, wọn ò sì tètè dáhùn. Ojoojúmọ́ ni owó ìdúró ń gorí ara wọn. Inú bí mi gan-an, torí àṣìṣe ẹlòmíì ni mò ń sanwó ẹ̀. Ajẹ́ńtì tó ń bá mi gba ọkọ̀ jáde ní èbúté, ẹ̀gbọ́n kan láti Ṣàgámù, ló pẹ̀tù sí mi nínú: "Àbúrò, má bá wọn jà. Fọ́tò nọ́ńbà tó o yà lára ọkọ̀ ńkọ́? Fi mọ́ táítù, kó o fi méjèèjì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà." Ohun tó yanjú ẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbé ọkọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya fọ́tò yẹn kí ẹ tó kúrò níbẹ̀: ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú níbi tí dírẹ́bà ń jókòó, ó sì wà lára òpó ilẹ̀kùn.

Ẹnì kan ní ǹ bá ti gbé e gba Kùtọnu. Láti January 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé.

Bí wọ́n ṣe tú u sílẹ̀, a gba márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, a yà ní ìkóríta Ṣàgámù, ó di Ìjẹ̀bú. Ìwé owó kọ́sítọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá wa dúró nítorí pé ọkọ̀ ò ní nọ́ńbà. Mo fi ìwé hàn, a kọjá.

Fífi orúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ò le. Inṣọ́ránsì tí wọ́n ń pè ní third party jẹ́ 15,000 náírà láti 2023. Òṣìṣẹ́ VIO, àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò fún ìjọba, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ka nọ́ńbà lára ọkọ̀, èmi náà ń ka tinú ìwé tẹ̀ lé e. Nígbà tó kan ibẹ̀, mo pariwo: "Òdo ni o!" JBD ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà mi, lẹ́tà búlúù ti ọkọ̀ aládàáni.

Lọ́jọ́ kejì, mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́. Màámi gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n gbé ìkejì, wọ́n ti jókòó. A kọrí sí ilé ìwòsàn.