Bí A Ṣe Ń Fi Àwọ̀ Eérú Nìkan Ya Ojú Ènìyàn Lórí Kọ̀ǹpútà

Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà sí àti ibi tí òjìji ṣú sí la fi ń dá ojú ènìyàn mọ̀ nínú àwòrán. Ẹni tí kò bá tíì mọ ìyẹn, kò sí àwọ̀ tó lè gbà á sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí ẹ kọ́kọ́ fi àwọ̀ eérú ṣiṣẹ́.

Krita, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, la ó lò, torí ẹ lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì wọn. Ẹ ṣí ojú ewé tuntun, 3000 píksẹ́lì (àwọn tótòtó tó para pọ̀ di àwòrán) ní ìbú, 4000 ní gíga. Ní 300 píksẹ́lì sí íńṣì kan, ó tó tẹ̀ sórí bébà tó fẹ̀ ní íńṣì 10. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ń falẹ̀, ẹ gé e sí ìdajì.

Ẹ wá fọ́tò tí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo wá. Ká ní ìyá àgbà kan ni, ó dúdú dáadáa, ó wé gèlè, fèrèsé sì wà lápá òsì rẹ̀. Ẹ yẹra fún fọ́tò tí wọ́n tan flash sí lójú tààrà, ó máa ń pa òjìji rẹ́, imú á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ ṣí fọ́tò náà nínú Krita, kí ẹ tẹ Ctrl+Shift+U kó lè di àwọ̀ eérú.

Kí ẹ tó fa ìlà kankan, ẹ kun gbogbo ojú ewé yín. Tí 0 bá jẹ́ dúdú, tí 100 jẹ́ funfun, 50 ni kí ẹ fi kùn ún. Lórí ojú ewé funfun, gbogbo àwọ̀ ló máa ń dà bíi pé ó ti dúdú jù. Ẹ wá to àwọ̀ márùn-ún sí ẹ̀gbẹ́: 12, 25, 40, 58 àti 80.

Ẹ fa ìlà orí sórí layer tuntun, ìyẹn ìpele tó dà bí bébà tó mọ́ gaara lórí èyí tí ẹ ti kùn. Ìdajì ọ̀nà láti àtàrí dé àgbọ̀n ni ojú wà, àárín ojú méjèèjì sì gba ojú kan sí i. Gèlè bo àtàrí, ẹ fojú inú wo ibi tó wà lábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú á lọ sókè jù.

Ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì tí etí rẹ̀ mú, bíi Basic-5 Size, kí ẹ fẹ̀ ẹ́ tó 150 píksẹ́lì. Ẹ fi 25 kun gbogbo ibi tó ṣú: kòtò ojú, ẹ̀gbẹ́ imú tó kẹ̀yìn sí fèrèsé, abẹ́ imú, ètè òkè, abẹ́ ètè ìsàlẹ̀, abẹ́ àgbọ̀n. Ẹ fi 40 kun ìyókù. Ẹ wá dín ojú wò ó. Bí kò bá tíì jọ màmá náà pẹ̀lú àwọ̀ méjì yìí, ibí ni kí ẹ ti tún un ṣe, nítorí ìpéǹpéjú àti irun kò ní bá yín tún un ṣe.

Lẹ́yìn náà, 58 fún iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kọjú sí fèrèsé, 12 fún ihò imú àti àárín ètè. Ibi 80 ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Ara dúdú máa ń dán, ṣùgbọ́n dídán náà kéré, ó sì mú: ṣóńṣó imú, orí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ètè ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá tẹ́ 80 káàkiri, màmá á dà bí ẹni tí wọ́n fi ẹfun kùn lójú.

Funfun ojú náà kì í funfun. Ẹ di Ctrl mú, kí ẹ tẹ ibẹ̀ lórí fọ́tò kí búrọ́ọ̀ṣì lè mú àwọ̀ ibẹ̀, ẹ ó rí i pé eérú gan-an ni, pàápàá lókè tí ìpéǹpéjú ti ṣíji bò ó. Bí ẹ bá fi 100 sí i, ojú á yọ síta bí ti ẹni tí ẹ̀rù bà.

Láti pa àwọ̀ méjì pọ̀, ẹ dín opacity búrọ́ọ̀ṣì (bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe ń bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ tó) sí 40%, ẹ fi èkíní gba orí èkejì kọjá, ẹ mú àwọ̀ tó jáde, kí ẹ fi kun ààlà wọn. Ẹ má ṣe é níbi gbogbo. Òjìji tí imú jù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ìṣẹ́po gèlè gbọ́dọ̀ ní etí tó mú. Ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń yí lọ ló yẹ kó rọ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá rọ̀, ojú á rí bíi bọ́ọ̀lù.

Ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú, ẹ tẹ M kí àwòrán yí padà bí ti inú dígí. Ojú tó ga ju èkejì lọ á hàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìkẹyìn ni ẹ ó fi 100 kan àmì ìmọ́lẹ̀ tínńtín sí ẹyinjú kọ̀ọ̀kan, lápá tí fèrèsé wà. Ẹ tọ́jú rẹ̀ ní .kra, irú fáìlì ti Krita fúnra rẹ̀, kí àwọn layer má bàa sọnù, kí ẹ tó yọ PNG jáde, ìyẹn fáìlì àwòrán lásán.